Bí A Kò Bá Rí Ìnàkí Ńkọ́?

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí Ó dá ènìyàn, tí Ó sì dá ẹranko. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì Muhammad.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, púpọ̀ nínú wa ló mọ̀ pé ìjọba ya igbó kan sọ́tọ̀ ní Ìsẹ̀-Èkìtì. Ìwọ̀nba ló mọ̀ pé àwọn ìnàkí ṣì wà nínú rẹ̀. Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù nìkan ni a ti ń rí irú ìnàkí yìí ní gbogbo ayé, wọn kò sì pọ̀ mọ́.

Ẹni tí ó bá wa ọkọ̀ rẹ̀ láti Ìkẹ́rẹ́ tàbí Ẹ̀mùrẹ́ lọ síbẹ̀, kí ó gba àṣẹ, kí ó bá ẹ̀ṣọ́ igbó rìn, kí ó má sì retí àhámọ́ ẹranko. Ohun tí yóò rí lè má ju ìtẹ́ lórí igi lọ, nítorí alaalẹ́ ni ìnàkí ń fi ẹ̀ka àti ewé tẹ́ ibùsùn tuntun. Ẹlòmíràn yóò ní owó epo òun ṣòfò. Ǹjẹ́ bẹ́ẹ̀ ni? Ta ni igbó náà wà fún?

Súrà Al-An'ām, āyà 38, kọ́ wa pé ẹranko àti ẹyẹ jẹ́ ìjọ bíi tiwa. Bí wọ́n bá jẹ́ ìjọ, ilé wọn ni a wọ̀. Àlejò kì í bínú pé onílé kò jáde wá jó fún òun.

Kí ló sì dé tí wọ́n fi ń sá? Ìbọn ni wọ́n fi mọ̀ wá. Abo ìnàkí ń tó nǹkan bí ọdún 13 kí ó tó bí àkọ́bí, ọmọ kan ṣoṣo ni ó sì máa ń bí ní nǹkan bí ọdún 5. Ohun tí ọta ìbọn kan bàjẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, ó di ọdún gbọọrọ kí ó tó padà.

A lè bi wá pé: ebi tí ń pa ọdẹ àti àgbẹ̀ ńkọ́? Ìbéèrè gidi ni. Ìsìláàmù kò ka ọdẹ ṣíṣe léèwọ̀, ṣùgbọ́n ó pààlà sí i. Ànábì sọ Mẹ̀dínà di ibi tí a kò gbọdọ̀ ti dọdẹ, tí a kò sì gbọdọ̀ ti gé igi. Ẹni tó gbé aṣọ Hárámì wọ̀ kò gbọdọ̀ pa ẹran ìgbẹ́. Agbára láti mú nǹkan kọ́ ni ẹ̀tọ́ láti mú un. Bí a bá sì fi ọdẹ ṣe ẹ̀ṣọ́ igbó, tí a ń sanwó rẹ̀ déédéé, ìmọ̀ rẹ̀ kò ṣòfò, ọmọ rẹ̀ yóò sì jẹun.

Ẹ̀yin òbí, bàbá tó kó ọmọ lọ wo igbó, tó wá dúró lójú ọ̀nà ra ẹran ìgbẹ́ tí kò bèèrè ibi tí wọ́n ti pa á, kí ni ó kọ́ ọmọ náà? Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ohun ìfipamọ́ ni ilẹ̀ yìí lọ́wọ́ wa. Ẹni tó fi í pamọ́ yóò bèèrè rẹ̀, ìbáà jẹ́ èyí tí ojú wa rí tàbí èyí tí kò rí.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe olùṣọ́ tó ṣeé fọkàn tán. Āmín.