Orí àti Ẹsẹ̀

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí ó kọjá, èmi àti ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń gbé yàrá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré yí pápá ká ní ìdájí. Kí oṣù méjì tó pé, mo ti ń sáré yípo mẹ́jọ láì mí hẹlẹ. Òun kò tíì lè sá mẹ́rin. Mo pè é ní ọ̀lẹ níwájú àwọn ẹgbẹ́ wa. Kò bínú. Ó kàn bi mí pé, ‘Òwúrọ̀ wo ni ìwọ jí tí èmi sùn?’ N kò rí èsì fọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni bíni làá jọ. Àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì náà ti wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 1999, àwọn tí ó ṣe ìwádìí HERITAGE ní Amẹ́ríkà àti Kánádà sọ ohun tí wọ́n rí lára ènìyàn 481 láti ìdílé 98, àwọn tí kì í ṣe eré ìdárayá tẹ́lẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 20 ni wọ́n fi wa kẹ̀kẹ́ tí ó dúró lójú kan. Iṣẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n èrè kò dọ́gba: agbára tí ara àwọn kan fi ń lo afẹ́fẹ́ pọ̀ sí i gidigidi, ti àwọn mìíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà. Nínú ìyàtọ̀ yìí, wọ́n ṣírò pé ti ìdílé lè tó 47 nínú 100.

Ṣé kí a wá káwọ́ gbera? Rárá o. Nínú ìgbàgbọ́ àwọn baba wa, ènìyàn yan orí lọ́run, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ni yóò gbé orí náà dé ibi ire. Ẹni tí eré rẹ̀ kò yá sí i pàápàá lè jèrè lọ́nà mìíràn: ìfúnpá rẹ̀ lè rọlẹ̀, oorun rẹ̀ sì lè dára.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ohun tí a jogún yẹ fún ọpẹ́, kò yẹ fún ìyangàn. Òógùn ni ìyìn tọ́ sí. Bí a bá sì fi òógùn wọn ìyìn, ọ̀rẹ́ mi kò kéré sí mi rárá. Ẹnìkan lè wí pé ìfẹ́ àtijí pàápàá lè jẹ́ àjogúnbá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó túbọ̀ yẹ kí ahọ́n wa lọ́ra láti pe ẹnikẹ́ni ní ọ̀lẹ.

Mo ti bẹ̀ ẹ́. Ó ní kí n wọ bàtà mi, ilẹ̀ ti ń mọ́.