Ta Ni Yóò Kọ Orúkọ Ọmọ Sínú Ìwé Owó-orí?



Ìbéèrè kan wà tí í máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn wa tí ń gbé ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ilé bá ti tú, tí ọkọ wà lọ́tọ̀, tí aya náà sì wà lọ́tọ̀. Bàbá ń san owó ìtọ́jú ọmọ lóṣooṣù, gẹ́gẹ́ bí adájọ́ ti pàṣẹ. Nígbà tí àkókò ìwé owó-orí bá dé, yóò wí pé: "Èmi ni mo ń náwó, èmi ni ó yẹ kí n kọ ọmọ náà sínú ìwé mi." Ǹjẹ́ ẹjọ́ rẹ̀ tọ́ bí?

Òfin owó-orí ìjọba àpapọ̀ ilẹ̀ náà kò gbà bẹ́ẹ̀. Owó ìtọ́jú tí bàbá san kì í dín owó-orí rẹ̀ kù. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe owó tí ìyá yóò san owó-orí lé lórí. Ní ti ọmọ fúnra rẹ̀, òru ni òfin ń kà. Òbí tí ọmọ sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ jù láàárín ọdún ni ó ní ẹ̀tọ́ láti kọ ọ́ sílẹ̀. Èrè rẹ̀ kò kéré: láti ọdún 2025, ẹ̀dínwó owó-orí lórí ọmọ kan tí kò tíì pé ọdún 17 lè tó 2,200 dọ́là.

Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Ẹni tí ó ra iṣu fún ọmọ tirẹ̀ nínú ilé kì í bẹ ìjọba pé kí ó dá owó iṣu padà. Ìkọ̀sílẹ̀ kò sọ gbèsè yìí di ọrẹ àánú. Owó náà kì í sì í ṣe owó ọ̀yà ìyá. Ọwọ́ rẹ̀ ni ó kàn gbà kọjá sọ́dọ̀ ọmọ. A lè fi owó ránṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà nítòsí nìkan ni ó lè fọwọ́ kan iwájú orí ọmọ tí ibà ń ṣe ní ọ̀gànjọ́.

Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe kẹ́gàn bàbá tí ń san owó rẹ̀ déédéé. Òfin ṣí ilẹ̀kùn kan sílẹ̀ fún un: bí ìyá bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù 8332, bàbá lè gba ẹ̀dínwó tí a wí yìí. Àdéhùn ẹnu lásán kò tó.

Ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti ń wọlé nìyí: bàbá wí pé, "Bí n kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, n kò ní san owó mọ́." Ìyá dáhùn pé, "Bí o kò bá san owó, ojú rẹ kò ní kan ọmọ." Òmíràn a sì yára kọ orúkọ ọmọ náà ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹnìkejì tó kọ ọ́. Irọ́ ni èyí, bí a tilẹ̀ fi yíǹkì kọ ọ́. Àwọn méjèèjì ti sọ ọmọ di ohun tí a fi ń dógò.

Ẹ̀yin òbí, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan, ẹ bi ara yín léèrè: kí ni yóò kan ọmọ nínú rẹ̀? Bí owó náà bá di bàtà, ìwé àti oúnjẹ fún un, orúkọ ẹni tí ó gbà á kò tó ohun tí à ń torí rẹ̀ jà.