Ta Ni Ó Ni Ọkàn Awakọ̀?

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí àti àwọn olùkọ́ wa jọ gbé yẹ̀ wò. Ìbéèrè náà nìyí: nígbà tí ènìyàn bá gba ẹ̀mí ẹlòmíràn sínú ọkọ̀, tí ó sì jókòó láti wa ọkọ̀ náà, ǹjẹ́ ó tún ní ẹ̀tọ́ láti fi ọkàn rẹ̀ ṣe ohun tí ó bá wù ú? Ó lè dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni èyí, tí kò kan ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ìwà ni, ọ̀rọ̀ ìwà kò sì yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa, n ó fi awakọ̀ òfuurufú wé awakọ̀ orí ilẹ̀. Bí a bá bi ènìyàn mẹ́wàá léèrè pé, nínú àwọn méjèèjì, ta ni kò gbọdọ̀ gbójú kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ rárá, ó ṣeé ṣe kí mẹ́sàn-án dáhùn pé ẹni tí ó wà lókè ni. Wọn yóò ní ẹni tí ó bá ṣubú láti òkè kò ní ibi tí yóò dì mú. Èmi kò bá wọn jiyàn pé ìṣubú láti òkè burú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí iṣẹ́ méjèèjì ti rí gan-an.

Ọkọ̀ òfuurufú ńlá tí ó ti gòkè tán lè máa sáré tó nǹkan bíi kìlómítà 900 ní wákàtí kan. Síbẹ̀, ààyè yí i ká. Àwọn tí ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ kì í jẹ́ kí òmíràn sún mọ́ ọn: bí ọ̀kan kò bá fi ẹsẹ̀ bàtà 1,000 ga ju èkejì lọ, wọn yóò rí i pé ọ̀pọ̀ kìlómítà wà láàrin wọn. Ẹ̀rọ kan wà tí ó lè máa tukọ̀ náà lójú ọ̀nà tí a là sílẹ̀ fún un. Awakọ̀ méjì ni wọ́n sì jókòó sí iwájú. Nítorí náà, lókè réré, awakọ̀ lè jẹun, ó lè mu tíì, ó lè yẹ ìwé wò, kí ó sì bá ẹnìkejì rẹ̀ sọ̀rọ̀, kí ohunkóhun má ṣe ẹnikẹ́ni.

Ẹ wá wo awakọ̀ orí ilẹ̀. Bí ó bá ń sáré kìlómítà 100 ní wákàtí kan lórí òpópónà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, nǹkan bíi mítà 28 ni ó ń rìn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá tẹjú mọ́ fóònù fún ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré, ó ti rin ọ̀nà tí ó gùn ju pápá bọ́ọ̀lù lọ gẹ́gẹ́ bí afọ́jú. Ní àwọn ọ̀nà wa tí ọkọ̀ tí ń lọ àti ọkọ̀ tí ń bọ̀ jọ ń lò, ààyè tí ó wà láàrin ikú àti ìyè kò ju kí ènìyàn na ọwọ́ lọ. Kò sí ẹni tí ó jókòó níbì kan tí ń pè é pé, "Yà sí ọ̀tún, ọkọ̀ ń bọ̀." Ewúrẹ́ kì í tọrọ àyè kí ó tó sọdá, bẹ́ẹ̀ ni kòtò kì í ránṣẹ́ síwájú. Àṣìṣe tí awakọ̀ òkè réré lè rí ìṣẹ́jú kan fi tún ṣe, awakọ̀ orí ilẹ̀ lè má rí ìṣẹ́jú àáyá kan fi tún un ṣe.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní àwọn awakọ̀ òfuurufú gan-an ni ọ̀gá nínú ká máa ṣe iṣẹ́ púpọ̀ pọ̀: wọ́n ń wo aago, wọ́n ń gbọ́ ohùn láti ilẹ̀, wọ́n ń ka ìwé, wọ́n ń yí ọ̀nà padà. Yóò sì fi òwe tì í pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Òtítọ́ ni òwe náà sọ. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ púpọ̀ tí í ṣe ẹ̀ka iṣẹ́ kan yàtọ̀ sí iṣẹ́ méjì. Ẹ wo ẹni tí ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn: ẹsẹ̀ rẹ̀ ń tẹ ìsàlẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ń ju òwú, ọwọ́ òsì rẹ̀ ń gbà á, ojú rẹ̀ sì ń ṣọ́ àwọ̀ tí ó kàn. Iṣẹ́ mẹ́rin ni lójú ẹni tí kò mọ̀. Lójú ahunṣọ, aṣọ kan ṣoṣo ni. Bákan náà ni awakọ̀ tí ń tẹ bíréèkì, tí ń wo dígí, tí ń fọn fèrè: ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ó ń wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá gbé fóònù sétí tí ó ń dá iye owó sìmẹ́ǹtì, ó ti kúrò ní ìdí òfì, ó ti lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá lé eku méjì, òfo ni yóò mú bọ̀; ẹni tí ó bá sì wà nínú ọkọ̀ rẹ̀ yóò bá a pín nínú òfo náà.

Síbẹ̀, n kò fẹ́ kí a rò pé bí gbogbo iṣẹ́ náà bá ti jẹ́ ti ọkọ̀, ewu ti tán. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1972, ọkọ̀ òfuurufú kan tí í ṣe ti ilé iṣẹ́ Eastern Air Lines gbéra láti New York lọ sí Miami ní Amẹ́ríkà. Ènìyàn 176 ni ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ balẹ̀ lóru, iná kékeré tí í fi hàn pé ẹsẹ̀ iwájú ọkọ̀ ti jáde kò tàn. Wọ́n tún gòkè sí ẹsẹ̀ bàtà 2,000, wọ́n gbé ọkọ̀ lé ẹ̀rọ tí ń tukọ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì dojú kọ iná náà. Ọ̀kan sọ̀ kalẹ̀ sí abẹ́ ọkọ̀ láti lọ wò ó bóyá ẹsẹ̀ náà ti jáde. Àwọn tí ó kù ń yọ gílóòbù, wọ́n ń tì í padà. Lójijì, ẹ̀rọ náà kò di òkè tí wọ́n fi lé e lọ́wọ́ mú mọ́, ọkọ̀ sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Agogo ìkìlọ̀ dún, kò sí ẹni tí ó kà á sí. Inú irà Everglades ni wọ́n já sí. Ènìyàn 101 ni ó kú. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà ti jáde tẹ́lẹ̀; gílóòbù ni ó jó.

Àwọn ọkùnrin wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀lẹ, wọn kò sì ṣeré. Ohun tí ó kan ọkọ̀ ni wọ́n ń ṣe. Àléébù ibẹ̀ ni pé gbogbo wọn ni wọ́n ń ṣe é, tí kò fi ku ẹnìkan tí ń wo ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Kò tó ọdún méjì sí i, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1974, ọkọ̀ mìíràn ti ilé iṣẹ́ kan náà já nínú ìkùukùu nígbà tí ó fẹ́ balẹ̀ ní Charlotte, ènìyàn tí ó lé ní 70 sì kú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ ohùn tí ẹ̀rọ gbà sílẹ̀, ọ̀rọ̀ òṣèlú àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àlòkù ni àwọn awakọ̀ náà ń sọ bí wọ́n ti ń sún mọ́ ilẹ̀.

Ohun tí àwọn aláṣẹ Amẹ́ríkà ṣe sí i ni mo fẹ́ kí a fiyè sí. Wọn kò kàn wàásù pé kí àwọn awakọ̀ máa ṣọ́ra. Ní ọdún 1981, wọ́n ṣe òfin pé láti ìgbà tí ọkọ̀ bá ti ń rìn nílẹ̀ láti gbéra, títí yóò fi kọjá ẹsẹ̀ bàtà 10,000, àti nígbà tí ó bá tún ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀, awakọ̀ kò gbọdọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kankan, kò sì gbọdọ̀ ṣe ohunkóhun, tí kò bá ti jẹ mọ́ iṣẹ́ náà. Wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé kí ẹnìkan máa tukọ̀, kí ẹnìkejì máa ṣọ́ ọ. Ìgbàgbọ́ tí ó wà lẹ́yìn òfin yìí jinlẹ̀: ó gbà pé ọkàn ènìyàn kan ni, àti pé akínkanjú tí ó ti fo òfuurufú fún ọgbọ̀n ọdún kò ju ènìyàn lọ. Kì í ṣe pé àwọn ará òkè sàn jù wá lọ ní ìwà. Wọ́n gbà pé aláìlera ni wọ́n, wọ́n sì fi òfin ti àìlera náà lẹ́yìn. Awakọ̀ orí ilẹ̀ ni ó dá wà, tí kò ní ẹnìkejì, tí ó sì gbójú lé ọgbọ́n orí ara rẹ̀.

Kì í ṣe pé a kò ní òfin. Ọdún 1988 ni wọ́n dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀ ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Òfin wa sì kà á léèwọ̀ pé kí awakọ̀ máa lo fóònù bí ó ti ń wakọ̀. Àwọn kan ti wá ń fi okùn sétí, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ṣófo. Ọwọ́ ṣófo lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn ni ó kún. Àwọn onímọ̀ ti rí i pé ẹni tí ń bá fóònù sọ̀rọ̀ lè tẹjú mọ́ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kí ó má sì rí i. Ẹni tí ó jókòó tì wá nínú ọkọ̀ sàn díẹ̀: bí ó bá rí i pé ọ̀nà dí, yóò dákẹ́. Ẹni tí ó wà lórí fóònù kò rí ọ̀nà, kò sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí òun dákẹ́.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù. Ẹni tí ó dáhùn fóònù lójú ọ̀nà tí ó sì gúnlẹ̀ láyọ̀, ǹjẹ́ ó ṣẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú wa yóò ní kò ṣẹ̀, nítorí kò ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2009, awakọ̀ méjì tí ń gbé ọkọ̀ òfuurufú ilé iṣẹ́ Northwest lọ sí Minneapolis tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà alágbèéká, wọn kò dá àwọn ará ilẹ̀ lóhùn fún ohun tí ó lé ní wákàtí kan, wọ́n sì kọjá ìlú tí wọ́n ń lọ ní ohun tí ó lé ní 150 kìlómítà. Òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ni ó béèrè ìgbà tí wọn yóò balẹ̀ kí wọ́n tó mọ̀. Wọ́n yí padà, wọ́n sì balẹ̀ ní àlàáfíà. Kò sí ẹni tí ìka rẹ̀ ro ó. Síbẹ̀, àwọn aláṣẹ gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjèèjì.

Ẹlòmíràn lè ní ìyà náà pọ̀ ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Kí a tó bá a gbà bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ro ti alájọ tí ó kó owó àwọn aláàjọ lọ ta tẹ́tẹ́, tí ó jẹ, tí ó sì dá owó olówó padà kí òpin oṣù tó pé. Kò sí obìnrin ọjà kan tí kọ́bọ̀ rẹ̀ dín. Ṣé olóòótọ́ ni alájọ yìí? Kò sí ẹnìkan nínú wa tí yóò tún fi owó sí i lọ́wọ́ bí ó bá mọ̀. Àti ẹni tí ó jẹ àti ẹni tí ó pa á, ìwà kan náà ni wọ́n hù. Tẹ́tẹ́ ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni awakọ̀ tí ó dáhùn fóònù tí ó gúnlẹ̀, àti èyí tí ó dáhùn tí ó pa ọmọ ọlọ́mọ. Ọkàn awakọ̀ jẹ́ owó àjọ. Gbogbo ẹni tí ó wọ ọkọ̀ ti dá tirẹ̀ sí i, àti ẹni tí ń sọdá títì pẹ̀lú.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi náà kì í ṣe ti awakọ̀ nìkan, ibí yìí ni ó ti kan àṣà wa. Ní ilẹ̀ Yorùbá, bí àgbà bá pe ọmọdé tí kò dáhùn, a ó ní kò ní ẹ̀kọ́. Bí ọ̀gá bá pe awakọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta tí kò gbé fóònù, ó lè di ẹjọ́. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ awakọ̀ tí ń gbé fóònù kò fi í ṣe àìbìkítà. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń bù fúnni. Ìwà rere méjì ni ó ń jà nínú ọkọ̀: ọ̀wọ̀ àgbà àti ìtọ́jú ẹ̀mí. Èmi kò rò pé àwọn baba wa ni kí a dá lẹ́bi. Àwọn náà mọ̀ pé a kì í kí ẹni tí ó wà lórí ọ̀pẹ kí a sì retí pé kí ó dọ̀bálẹ̀. Iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti dáhùn fún un. Àwa ni ó yẹ kí a fi òye yìí kan awakọ̀. Bí a bá pe ènìyàn tí ó ní òun ń wakọ̀, ẹ jẹ́ kí a sọ pé, "Ó dàbọ̀, ó di ìgbà tí o bá dé," kí a sì pa á. Bí ẹni tí ń gbé wa lọ bá gbé fóònù, kí a bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni gbogbo èrò ọkọ̀ máa ń dákẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tí ó fẹ́ kí a pe òun ní aláròyé. Ìdákẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ti àwọn tí ń yọ gílóòbù ní Miami: olúkúlùkù rò pé ẹlòmíràn ń wo iwájú.

Èsì tí mo fún ìbéèrè mi nìyí: nígbà tí ọkọ̀ bá ń rìn, ọkàn awakọ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọ̀gá rẹ̀ tàbí ti àgbà tí ń pè é. Ti àwọn tí ó gbé ni, títí yóò fi pa iná ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú ẹgbẹ́ wa bá rò pé mo ti le koko jù, inú mi yóò dùn láti ka èsì rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn yìí.