Àbùkù Tí Ó Fara Sin: Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Títà àti Ọkọ̀ Rírà



Ìbéèrè kan wà tí ó máa ń dìde nínú ọkàn ẹni tí ó bá fẹ́ ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Bí ó bá mọ̀ pé jíà ọkọ̀ náà ti ń yọ̀, tàbí pé omi ti bo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí, ǹjẹ́ ó di dandan fún un láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ rà á, bí ẹni náà kò bá béèrè? Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ni yóò dáhùn pé kò di dandan. Wọn yóò ní, "Èmi kò purọ́. Kò béèrè, èmi náà kò sì sọ. Ó ní ojú, ó sì mú mẹkáníìkì tirẹ̀ wá." Ìdáhùn yìí dùn létí, ó sì ti mú kí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn balẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ka owó tán. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé òfin keje, tí ó kọ olè jíjà, àti òfin kẹjọ, tí ó kọ irọ́, ni ó pàdé nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ìdúnàádúrà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ní ilẹ̀ wa, ẹni tí ó pe ọjà ní ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà kò retí pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni a ó san. Ẹni tí ó sì dá a lóhùn pé ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ni òun ní, òun náà mọ̀ pé owó náà kò tó. Àwọn méjèèjì mọ àṣà ọjà, a kò sì tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ibi tí ẹ̀tàn ti ń wọlé ni ibi tí ìdúnàádúrà kò lè dé, èyíinì ni inú ọjà náà. Ìyá aláta tí ó to ata rere sí orí agbọ̀n, tí ó sì kó èyí tí ó ti rà sí ìsàlẹ̀, kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Agbọ̀n ni ó bá a purọ́. Síbẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an ni oníbàárà rẹ̀ yóò mọ̀, àdánù rẹ̀ kò sì ju ìkòkò ọbẹ̀ kan lọ. Ti ọkọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí a fi pamọ́ sínú rẹ̀ lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́ta kí ó tó fọhùn, ó sì lè jẹ́ pé ojú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ni yóò ti fọhùn, pẹ̀lú ènìyàn márùn-ún nínú ọkọ̀.

Tómáàsì Mímọ́ ti Akwínò, olùkọ́ ńlá nínú Ìjọ, ẹni tí ó kú ní ọdún 1274, gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò nínú ìwé rẹ̀ tí à ń pè ní Summa Theologiae. Ẹṣin ni àwọn ènìyàn ń gùn ní ìgbà tirẹ̀, nítorí náà ẹṣin ni ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ó ní bí ẹṣin bá jẹ́ olójú kan, tí ẹnikẹ́ni tí ó bá wò ó lè rí i, olùtà lè dákẹ́, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti dín owó rẹ̀ kù bí ó ti yẹ. Ṣùgbọ́n bí àbùkù náà bá fara sin, tí ó sì lè kó olùrà sínú ewu tàbí àdánù, ó di dandan kí olùtà sọ ọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ẹ̀tàn ni, ó sì jẹ olùrà ní gbèsè àdánù náà. Ẹ kíyèsí i pé ẹni mímọ́ yìí kò wádìí bóyá olùrà béèrè. Ohun tí ó wádìí ni bóyá olùrà lè rí i.

Ó mọ ìṣòro oníṣòwò pẹ̀lú. Ó gbà pé bí ènìyàn bá ní kí akéde máa kígbe àbùkù ọjà òun káàkiri ìlú, ẹ̀rù yóò ba gbogbo ènìyàn, kò sì sí ẹni tí yóò sún mọ́ ọn láti mọ̀ pé ọjà náà ṣì wúlò fún ohun mìíràn. Nítorí náà kò ní kí á kéde. Ẹni tí ó bá wá láti rà ni kí á sọ fún, kí ó lè gbé ibi tí ó dára àti ibi tí kò dára lé orí ìwọ̀n, kí ó sì pinnu fúnra rẹ̀. Èmi kò tíì rí ìmọ̀ràn tí ó bá ọgbà tí a ti ń ta ọkọ̀ tòkunbọ̀ mu ju èyí lọ. A lè pa ọkọ̀ láró, kí á fọ̀ ọ́, kí á fi òróró dán táyà rẹ̀. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé a máa ń ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ kí a tó tà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá dá aago máìlì padà sẹ́yìn, tàbí tí ó gbẹ omi kúrò lára ọkọ̀ tí àgbàrá ti bò tí ó sì pè é ní ọkọ̀ tí kò ní àléébù, ti kọjá ọ̀ṣọ́.

Àwọn kan yóò sọ pé olóòótọ́ yóò pàdánù, àwọn àgbà ṣáà ti wí pé òtítọ́ dé ọjà ó kù tà, owó lọ́wọ́ ni à ń ra èké. Bẹ́ẹ̀ ni, ó lè pàdánù. Kò sí ìdí tí a ó fi sẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á béèrè ibi tí owó tí ó pàdánù náà ìbá ti wá. Iye tí ọkọ̀ náà tó wà ní ọ̀tọ̀; iye tí olùrà rò pé ó tó wà ní ọ̀tọ̀. Àìmọ̀ olùrà nìkan ni ó dá ìyàtọ̀ àárín méjèèjì sílẹ̀, olùtà kò sì lè gba owó lé orí àìmọ̀ ẹlòmíràn bí ẹni pé òun ni ó ni ín.

Ọ̀rọ̀ mẹkáníìkì kò jìnnà sí èyí, nítorí ohun tí ó ń ṣe lábẹ́ ọkọ̀ ni oníbàárà kò lè rí. Ẹni tí ó bá kó ògbólógbòó ohun èlò tí ó yọ lé oníbàárà lọ́wọ́ láìjẹ́ pé a béèrè, irú wọn wà, ó sì yẹ kí á máa dárúkọ wọn fún ara wa. Ní Amẹ́ríkà, òfin Magnuson-Moss ti ọdún 1975 kọ̀ ọ́ fún ẹni tí ó ṣe ọkọ̀ láti sọ pé ìdánilójú tí òun ṣe fún ọkọ̀ náà yóò bàjẹ́ kìkì nítorí pé ibòmíràn ni a ti pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀. Síbẹ̀, àwọn kan níbẹ̀ ṣì ń fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ dẹ́rù ba oníbàárà.

Níwọ̀n bí a ti mẹ́nu ba òkè òkun, ẹ jẹ́ kí á dúró níbẹ̀ díẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ wa ni ó ń gbé níbẹ̀. Àwọn ará Amẹ́ríkà fi òfin lé e láti ọdún 1958 pé kí iye owó ọkọ̀ tuntun wà ní kíkọ lára gíláàsì rẹ̀. Òfin rere ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó ọkọ̀ di ohun tí ojú gbogbo ènìyàn lè rí, èrè bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibòmíràn sá sí. Lẹ́yìn tí a bá ti fohùn ṣọ̀kan lórí ọkọ̀, a ó mú oníbàárà wọ yàrá kékeré kan, níbi tí ẹlòmíràn yóò ti kó ìwé síwájú rẹ̀: ìwé àtúnṣe ọjọ́ iwájú, ìwé ààbò ọ̀dà ọkọ̀, ìwé adójútòfò oríṣiríṣi. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó fẹ́ gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ sílé. A kò sì ní sọ àpapọ̀ owó náà fún un. A ó ní, "Dọ́là ogún péré ni yóò fi lé owó oṣooṣù yín." Bí gbèsè ọkọ̀ náà bá jẹ́ ti oṣù 72, ogún dọ́là náà di dọ́là 1,440, kí a tó ka èlé mọ́ ọn.

Kì í ṣe gbogbo ìwé wọ̀nyí ni kò wúlò. Ẹ wo irú adójútòfò kan tí wọ́n ń pè ní GAP. Bí olè bá gbé ọkọ̀ tí a fi gbèsè rà, iye tí ọkọ̀ náà tó ní ọjọ́ náà ni adójútòfò lásán yóò san, gbèsè tí ó wà lọ́rùn oní-ọkọ̀ sì lè pọ̀ jù ú lọ. GAP ni ó ń dí àlàfo náà. Ohun rere ni fún ẹni tí àlàfo rẹ̀ tóbi. Ṣùgbọ́n ní oṣù kejì ọdún 2024, Financial Conduct Authority, àjọ tí ń ṣàkóso irú òwò bẹ́ẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kéde pé nínú gbogbo owó tí àwọn ènìyàn san fún GAP, ìdá 6 péré nínú 100 ni ó padà sọ́dọ̀ àwọn tí àdánù bá. Nígbà náà, àwọn ilé-iṣẹ́ kan ń san tó ìdá 70 nínú 100 fún àwọn tí ó bá wọn tà á, irú bí àwọn oníṣòwò ọkọ̀. Ta ni nínú àwọn tí ó san owó náà ni ó mọ èyí? Àbùkù tí ó fara sin ni èyí náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ni ó wà nínú rẹ̀, tí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì.

Àjọ kan náà ti ṣe òfin kan tí ó ti ń ṣiṣẹ́ láti oṣù kẹsàn-án ọdún 2015, pé oníṣòwò ọkọ̀ kò gbọdọ̀ fi dandan parí títa GAP ní ọjọ́ tí ó ń ta ọkọ̀. Kí ó fún oníbàárà ní àlàyé rẹ̀, kí ó sì jẹ́ kí ọjọ́ méjì kọjá. Òfin yìí wù mí púpọ̀. Ohun tí ó bá dára ní ọjọ́ Ajé, yóò ṣì dára ní Ọjọ́rú. Ọjà tí kò lè dúró de ìrònú oníbàárà fún ọjọ́ méjì ti jẹ́rìí ara rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà wá sílé, nítorí pé lórí ọ̀rọ̀ adójútòfò, àwa náà kò lè ju òkúta sí ẹnikẹ́ni. Láti ọdún 1945 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà pé ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ gbọ́dọ̀ ní adójútòfò nítorí ẹni kẹta. Owó rẹ̀ lórí ọkọ̀ tí ènìyàn ń lò fúnra rẹ̀ jẹ́ ₦5,000 fún ìgbà pípẹ́. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023 ni ó ti di ₦15,000, a sì gbé iye tí a lè san fún ohun ìní ẹlòmíràn tí ọkọ̀ náà bà jẹ́ sókè dé ₦3,000,000. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí àwọn kan ń ṣe? Wọ́n ń ra ayédèrú ìwé ní owó pọ́ọ́kú lọ́wọ́ alágbàtà, kí wọ́n lè rí nǹkan fi han ọlọ́pàá. Níhìn-ín, olùtà mọ̀ pé ayédèrú ni. Olùrà náà mọ̀, tàbí kí ó mọ̀ọ́mọ̀ má wádìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè fi nọ́mbà ọkọ̀ rẹ̀ wádìí nínú àkọsílẹ̀ tí àwọn ilé-iṣẹ́ adójútòfò pawọ́pọ̀ ṣe. Àwọn méjèèjì dúnàádúrà, inú àwọn méjèèjì sì dùn. Ẹni tí a tàn jẹ kò sí níbẹ̀. Ọmọ tí ń kiri omi ní etí títì ni, tàbí ọlọ́kadà tí ọkọ̀ yóò kọlù ní oṣù mẹ́fà sí i. Ìwé tí ìbá san owó ilé-ìwòsàn rẹ̀ kò sí, kò sì sí ní ọjà nígbà tí a ń ta á kí ó lè dúnàádúrà fún ara rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ti tà á tán, tí owó sì ti wọlé. Bí kò bá mọ̀ nípa àbùkù náà ní ọjọ́ tí ó tà á, Tómáàsì Mímọ́ ní kò dẹ́ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá mọ̀, ó gbọ́dọ̀ tẹ́ olùrà lọ́rùn. Bí ó bá sì mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó má rò pé kíkúnlẹ̀ níwájú àlùfáà nìkan yóò parí rẹ̀, kí owó náà sì wà ní àpò rẹ̀ síbẹ̀. Kò di dandan kí ó dá gbogbo owó ọkọ̀ padà; ìyàtọ̀ tí àbùkù náà dá sílẹ̀ àti àdánù tí ó ti ibẹ̀ wá ni ó jẹ. Bí kò bá ní i lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó san án díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá wá olùrà náà títí tí kò rí i, kí ó fi owó náà ṣe àánú fún àwọn tálákà. Bí olùrà náà bá sì ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni kí ó wá lọ.