Dọ́là Ọdún 1804: Ǹjẹ́ Owó Lè Sọ Èké Di Òtítọ́?

Àwọn baba wa ní òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Nígbà tí a bá ń pa òwe yìí, ọ̀rọ̀ ẹnu ni a sábà máa ń ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n èké kan wà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà tí a lè fi ọwọ́ gbé, tí a sì lè gbé sórí òṣùwọ̀n. Owó fàdákà ni. A kọ 1804 sí i lára, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí a rọ ní ọdún 1804. Síbẹ̀ àwọn tí ń kó owó àtijọ́ jọ ń fi ọrọ̀ ńlá rà á. Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: bí ayé bá san owó gọbọi lé èké lórí, ǹjẹ́ èké náà ti di òtítọ́?

Ẹ jẹ́ kí a mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1792 ni ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin tí ó dá ilé ìrọwó wọn sílẹ̀. Ìlú Philadelphia ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Òfin náà sọ ìwọ̀n fàdákà tí ó gbọ́dọ̀ wà nínú dọ́là. Ó sọ pé kí a kọ ọdún tí a rọ owó sí i lára. Ó sì sọ pé òṣìṣẹ́ ilé náà tí ó bá fi ẹ̀tàn bu ìwọ̀n fàdákà kù, ikú ni. Dọ́là àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1794, 1,758 péré. A ta ọ̀kan nínú wọn ní gbàǹjo ní oṣù kìíní ọdún 2013, iye rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 10 dọ́là. N kò bá ẹni tí ó rà á jà, nítorí 1794 ni owó náà wí, ọdún 1794 náà ni a sì rọ ọ́.

Ti 1804 kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé ilé ìrọwó sọ pé a rọ dọ́là 19,570 ní ọdún náà, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ àtẹ̀yìnwá ni wọ́n lò, ọdún tí ó ti kọjá ni ó sì wà lára owó náà. Lẹ́yìn èyí, wọ́n dáwọ́ dọ́là fàdákà rírọ dúró. Ní ọdún 1834, nígbà tí Andrew Jackson jẹ́ Ààrẹ, ìjọba fẹ́ fi owó ilẹ̀ wọn ta ọba Siam, tí à ń pè ní Thailand lónìí, àti Sultan ìlú Muscat lọ́rẹ. Edmund Roberts ni ikọ̀ tí wọ́n rán. Kí ẹ̀bùn náà lè pé, dọ́là gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n wo ìwé, wọ́n rí i pé 1804 ni a rọ dọ́là kẹ́yìn, wọ́n sì gbẹ́ òǹtẹ̀ tuntun tí ó ní 1804 lára. Ìjọba tí ó ṣe òfin ọdún ni ó kọ́kọ́ rú u. Mẹ́jọ ni a mọ̀ lónìí nínú irú owó yìí.

Ní ọdún 1842, àwòrán dọ́là náà jáde nínú ìwé kan, ọkàn àwọn tí ń kó owó jọ sì fà sí i. Nígbà tí ó di nǹkan bí ọdún 1858, àwọn kan nínú ilé ìrọwó bẹ̀rẹ̀ sí rọ òmíràn ní ìkọ̀kọ̀. Mẹ́jọ ni a mọ̀ nínú ìwọ̀nyí. Ọ̀kan wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ní Washington, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń tú àṣírí ara rẹ̀: orí owó fàdákà ilẹ̀ Switzerland ti ọdún 1857 ni wọ́n tẹ òǹtẹ̀ 1804 lé. Báwo ni ọmọ ṣe lè dàgbà ju ìyá tí ó bí i lọ? Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Ní ọdún 1962, Eric Newman àti Kenneth Bressett fi odindi ìwé kan tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà palẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó rẹ̀ kò wálẹ̀. Ní ọdún 2009, ọ̀kan nínú àwọn ti ìkọ̀kọ̀ pa mílíọ̀nù 2 dọ́là ó lé. Ní ọdún 2021, ọ̀kan nínú mẹ́jọ àkọ́kọ́ pa 7,680,000 dọ́là. Ẹnìkan lè wí fún mi pé, nígbà tí gbogbo ayé ti mọ àṣírí, èké kò sí mọ́. Ìtàn ni ẹni tí ń rà á ń rà. Mo gba ìdajì ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí ó rà á lónìí kò tan ẹnikẹ́ni, a kò sì tan òun náà. Níhìn-ín, òtítọ́ dé ọjà, ó sì rí ẹni rà á.

Ìdajì kejì ni n kò lè gbà. Owó tí a san ní ọdún 2009 kò lè padà lọ wẹ ọwọ́ àwọn tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́rí rọ owó ní nǹkan bí ọdún 1858. Bí a bá ní kí iye tí nǹkan pa lẹ́yìnwá ọ̀la máa dá ẹni tí ó ṣe é láre, a jẹ́ pé kò sí ọ̀bàyéjẹ́ kan tí a lè dá lẹ́bi. Kí a sáà ní sùúrù títí ọjà yóò fi wọ́n. Àwọn àkọ́kọ́ àti àwọn ti ìkọ̀kọ̀ jọ ń pa irọ́ kan náà, ṣùgbọ́n àṣẹ ìjọba ni a fi rọ àwọn àkọ́kọ́, fún ọrẹ. Òkùnkùn ni a ti rọ àwọn ìyókù. Òṣùwọ̀n kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn wá, gbàǹjo kò sì lè pa á rẹ́.

Èdè ni mo ń kọ́. Bí ìwé àfọwọ́kọ kan bá sọ pé òun ti pẹ́ láyé, a kì í gbà á bẹ́ẹ̀ láìyẹ̀ ẹ́ wò. Bí a bá sì rí i pé irọ́ ni, a kì í sun ún níná. Ọdún rẹ̀ ni a ń tún ṣe. Nígbà náà ni yóò sọ fún wa nípa àwọn tí ó kọ ọ́ ní tòótọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni dọ́là yìí: kò lè sọ ohunkóhun fún wa nípa ọdún 1804, ṣùgbọ́n ó lè sọ púpọ̀ nípa 1834 àti 1858. Àwa Yorùbá tí a ń bọ̀wọ̀ fún àgbà kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí, nítorí ó rọrùn láti bu ọdún kún ọjọ́ orí ìlú ẹni tàbí ti ìdílé ẹni kí iyì lè pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé owó lè ra èké, ó sì lè tọ́jú rẹ̀ sínú àpótí dígí, ṣùgbọ́n kò lè sọ ọ́ di òtítọ́. Ẹni tí ó bá kọ ọdún tí a rọ ọ́ gan-an sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ yẹn. Èrò tèmi nìyí. Ẹni tí ó bá ní òmíràn, kí ó gbé e jáde kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò.