Ọ̀rọ̀ tí Òǹtajà Fi Sínú

Àwọn baba wa a máa wí pé ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣe é jà níyàn, nítorí ẹni tí ó kó ọjà sílẹ̀ tí ó sì panu mọ́, ṣíṣọ́ ni ó ń ṣọ́ ọjà náà, kò tà á. Ṣùgbọ́n àwọn baba kan náà ni wọ́n wí pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a ń ra èké. Bí a bá gbé òwe méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, ìbéèrè kan yóò dìde tí ó yẹ kí àwa olùkọ́ rò jinlẹ̀: níbo ni ìyìn ọjà parí sí, níbo sì ni ẹ̀tàn ti bẹ̀rẹ̀?

Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀ràn kan ṣe àpẹẹrẹ. Angondjé jẹ́ àdúgbò kan ní ìhà àríwá Libreville, olú ìlú Gàbọ́ọ̀nù. Ibẹ̀ ni pápá ìṣeré ńlá tí Zambia ti gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 2012 wà. Kí a sọ pé oníṣòwò kan, ọmọ Yorùbá, ń gbé ibẹ̀, ó sì ní alùpùpù kékeré àtijọ́ kan tí ó fẹ́ tà. Peugeot 103 ni, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1971, tí ó ní pẹ́dà bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere tí ó sì tún ní ẹ́ńjìnì. Ó ti kùn ún ní ọ̀dà pupa, ó sì ti nù ún títí ó fi ń dán bíi dígí. Ó wá tọ olùkọ́ kan lọ, ó ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ìwé ìpolówó pélébé kan tí n ó pín fún àwọn ọ̀dọ́. Ẹ kọ ọ́ kí ó dùn. Ẹ ní ó ń sáré bí ẹ̀fúùfù. Ṣùgbọ́n ẹ má wulẹ̀ dárúkọ bíréèkì.” Kí ni ó yẹ kí olùkọ́ náà kọ?

Ẹnìkan lè sọ pé kò sí ọ̀ràn níbẹ̀. Yorùbá ni wá, a kì í sì í ka àsọdùn sí irọ́. Bí a bá ki ènìyàn ní erin, kò sí ẹni tí yóò máa wá ọwọ́jà lójú rẹ̀. Bí alágbàdo bá kígbe pé àgbàdo òun dùn ju oyin lọ, kò sí ẹni tí yóò pè é lẹ́jọ́. Ohun tí kò jẹ́ kí àsọdùn yìí pa ẹnikẹ́ni lára ni pé ojú olùrà wà níbẹ̀. Ó lè ṣí háhá àgbàdo wò, ó lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àti pé, alágbàdo àti oníbàárà rẹ̀ yóò tún pàdé lọ́la.

Ṣùgbọ́n ìwé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwé a máa rìn jìnnà sí ẹni tí ó kọ ọ́, ẹni tí ó ń kà á kò sì rí i bi léèrè. Àwòrán inú rẹ̀ náà a máa sọ̀rọ̀ láìya ẹnu: ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó tẹ̀ síwájú lórí alùpùpù, irun tí atẹ́gùn ń fẹ́ sẹ́yìn, ọ̀nà tí kò sí ọkọ̀ kankan lórí rẹ̀. A kò kọ irọ́ kankan sílẹ̀ níbẹ̀. Síbẹ̀, ọmọ tí ó wò ó ti gbọ́ pé kò sí ewu lójú ọ̀nà, àti pé àṣíborí kò wúlò.

Ohun kan ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó fi èyí hàn. Ní ìparí ọdún 1971, ìjọba ibẹ̀ pinnu pé ọmọ ọdún 16 kò gbọdọ̀ gun alùpùpù ńlá mọ́, àfi èyí tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ kò ju cc 50 lọ, tí ó sì ní pẹ́dà tí a lè fi ẹsẹ̀ yí. Àwọn tí ń ṣe alùpùpù ka òfin náà dáadáa, wọ́n sì rí àyè nínú rẹ̀. Ní ọdún 1973, Yamaha gbé FS1-E wọ ibẹ̀. Ẹ́ńjìnì rẹ̀ jẹ́ cc 49, pẹ́dà sì wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n a lè há pẹ́dà náà kí ó di ibi ìgbẹ́sẹ̀lé lásán. Ìrísí rẹ̀ jẹ́ ti alùpùpù eléré ìje, ó sì lè sáré ju máìlì 40 lọ ní wákàtí kan. Honda àti Suzuki náà ní tiwọn. Àwọn ọmọ ọdún 16 fẹ́ràn wọn bí ojú. Ní ọdún 1977, ìjọba tún òfin ṣe pé irú alùpùpù bẹ́ẹ̀, bí ó bá jẹ́ tuntun, kò gbọdọ̀ lè sáré ju máìlì 30 lọ.

Ẹ wo pẹ́dà yẹn dáadáa. Kì í ṣe irọ́, nítorí ó wà níbẹ̀, ó sì ń yí. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òtítọ́, nítorí kò sí ọmọ tí ó ra alùpùpù náà nítorí pẹ́dà. Èyí kọ́ wa pé ọ̀rọ̀ ènìyàn lè jẹ́ òtítọ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí àpapọ̀ rẹ̀ sì jẹ́ ẹ̀tàn.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ojúsàájú. Àwọn tí ó gun alùpùpù wọ̀nyí nígbà èwe ti di àgbà lónìí. Púpọ̀ nínú wọn ń wá a kiri, wọ́n sì ń fi owó gọbọi rà á. Ayọ̀ tí wọ́n rí lórí rẹ̀ kì í ṣe ayọ̀ èké. Nítorí náà, bí olùkọ́ Angondjé bá kọ kìkì ewu sílẹ̀, òun náà fi apá kan òtítọ́ pamọ́. Ẹwà ọjà jẹ́ òtítọ́, kò sì yẹ kí a tijú láti sọ ọ́.

Ìdájọ́ tèmi nìyí: ohun tí ojú olùrà lè rí fúnra rẹ̀, kí òǹtajà fi àsọdùn ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ bí ó ti wù ú. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú olùrà kò lè tó, tí ó sì lè ṣe é léṣe, dandan ni kí òǹtajà sọ ọ́. Bí olùrà bá sì ti kéré lọ́jọ́ orí tó, bẹ́ẹ̀ ni dandan náà ti wúwo tó. Kí olùkọ́ náà kọ ọ́ pé alùpùpù náà pupa dẹ̀dẹ̀, ó sì ń wu ojú. Kí ó tún kọ ọ́ pé bíréèkì rẹ̀ ti gbó. Pé ẹni tí kò bá po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀ yóò ba ẹ́ńjìnì jẹ́. Pé kí ẹnikẹ́ni má gùn ún láìdé àṣíborí. Kí lẹ́tà méjèèjì sì tóbi bákan náà. Kí ti ìyìn má tóbi bí erin, kí ti ìkìlọ̀ wá kéré bí èèrà lẹ́yìn ìwé.

Oníṣòwò wa lè bínú pé a ti ba ọjà òun jẹ́. Mo gbà pé ó lè pàdánù oníbàárà kan tàbí méjì. Òwe kò purọ́. Ṣùgbọ́n òwe yẹn kò pàṣẹ pé kí a máa parọ́. Ó ń dárò bí ọjà ti rí ni. Bí a bá sì fetí sí i dáadáa, olùrà gan-an ni ó ń bá wí, nítorí owó ọwọ́ wa ni a fi ń ra èké.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa wà, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi. A ń kọ́ àwọn ọmọ láti ka ohun tí a kọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ìwé ìpolówó kan wọ kíláàsì lọ́jọ́ kan, kí a sì bi wọ́n pé: kí ni àwòrán yìí sọ tí ọ̀rọ̀ kò sọ? Kí ni ó yẹ kí a sọ níbí tí ẹnikẹ́ni kò sọ? Ọmọ tí ó bá lè dáhùn ìbéèrè méjèèjì yìí, bí ó bá dé ọ̀dọ̀ oníṣòwò Angondjé lọ́la, yóò kọ́kọ́ yin ọ̀dà pupa náà, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀, tí yóò yẹ bíréèkì wò.