Àkísà Àgbà Nínú Pálọ̀

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí ló yẹ kí ọmọ Yorùbá tó ń tún pálọ̀ ṣe ní Ellenwood, lẹ́bàá Atlanta, fi sọ́kàn kó tó náwó sórí àga tuntun. Owó lè ra àga lónìí, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọdún ni ọwọ́ ènìyàn fi ń mú apá àga onígi dán. Ní ọjà Scott Antique Markets, tí wọ́n ń ná lójú ọ̀nà Jonesboro lóṣooṣù, ẹ fa dúrọ́ọ̀ kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ yọ, kí ẹ wo bí káfíńtà ṣe gé ẹnu pákó méjì wọnú ara wọn láìlo ìṣó. Irú pákó bẹ́ẹ̀ ṣeé fá, ó sì ṣeé tún kùn. Ti ayé òde òní tí wọ́n fi ẹ̀rún igi lẹ̀ pọ̀, bómi bá ti kàn án, ó wú. Ẹ gbé igbá fínfín Ọ̀yọ́ lé kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ náà lórí, kí ẹ ta àdìrẹ ẹlẹ́kọ mọ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀.

Àwọn kan á ní tálákà ló ń lo àlòkù. Ṣebí tòkunbọ̀ la fi ń ṣe fàájì bó bá di ti mọ́tò! Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni ti ìlera: ọ̀dà tí wọ́n kùn ṣáájú ọdún 1978, tí Amẹ́ríkà fòfin de òjé nínú ọ̀dà ilé, lè pa ọmọdé lára. Nítorí náà, èyí tí wọn kò kùn ní ọ̀dà ni ká rà. Bí a bá sì fẹ́ fi ohun inú igbó kún ọ̀ṣọ́ pálọ̀, èso igi páìnì tó já sínú ọgbà ẹni kò lẹ́jọ́ nínú. Ṣùgbọ́n òkúta àti ewéko Panola Mountain, ọgbà ìjọba ìpínlẹ̀ Georgia, kì í ṣe ohun à ń ṣà relé.